Ohùn Àgbà Nínú Ọkọ̀ Àlòkù

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àlòkù ilẹ̀ wa ni rédíò wọn kò mọ̀ ju kásẹ́ẹ̀tì tàbí CD lọ. Bẹ́ẹ̀, inú fóònù ni orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO bu ọlá fún ní 2001, wà lónìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ má tìtorí èyí ju rédíò náà nù. Bí ó bá ní ojú kásẹ́ẹ̀tì, kásẹ́ẹ̀tì oníwáyà tí a ń kì bọ ihò fóònù ti tó. Àwọn rédíò mìíràn ní ojú ìsopọ̀ lẹ́yìn. Oníṣẹ́-iná ọkọ̀ lè so wáyà mẹ́ta mọ́ ọn, ti òsì, ti ọ̀tún àti masse, títí dé ihò 3,5 mm. Kí ó kọ́kọ́ tú wáyà bátìrì tó ní àmì àyọkúrò. Kí ó má sì so fóònù mọ́ wáyà spíkà: agbára ibẹ̀ lè bà á jẹ́. Báyìí ni ohùn àwọn àgbà wa yóò fi máa bá wa rìn lọ́nà jíjìn.