Ìtọ̀ Jíjò àti Àìlera Ọkùnrin Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Jẹjẹrẹ Pírósítéètì

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí, wọn kì í sábà sọ ọ́ nínú mọ́sálásí. Bàbá kan wà tí a jọ ń kírun. Lẹ́yìn tí dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, a ò rí wọn mọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nígbà tí a lọ kí wọn nílé, wọ́n ní, "Ìtọ̀ ń jò lára mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wọ ilé Ọlọ́hun?" Àṣé bàbá ò tilẹ̀ kírun mọ́ nínú yàrá wọn pàápàá, nítorí wọ́n rò pé àlùwàlá àwọn ò lè dúró. Ìyẹn ló dùn wá jù. Àwọn àgbà sì ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìdí nìyí tí a fi ní kí a là á yé ara wa.

OHUN TÓ Ń FÀ Á

Pírósítéètì jẹ́ ẹ̀yà ara kékeré kan tí ọkùnrin nìkan ní. Abẹ́ àpò ìtọ̀ ló wà, ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Bí jẹjẹrẹ bá mú un, tí dókítà yọ gbogbo rẹ̀, wọ́n ní láti gé ọ̀nà ìtọ̀ níbẹ̀ kí wọ́n sì tún un so mọ́ àpò ìtọ̀. Iṣan tó ń dá ìtọ̀ dúró wà nítòsí ibẹ̀, ó sì máa ń rẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyí tí ìtọ̀ fi ń jò nígbà tí èèyàn bá wúkọ́, tó bá sín, tàbí tó bá dìde láti ìforíkanlẹ̀.

Àwọn fọ́nrán iṣan tín-ín-rín tó ń mú nǹkan ọkùnrin dìde náà fara ti pírósítéètì lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ní ọdún 1982, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Patrick Walsh, bẹ̀rẹ̀ sí í yọ pírósítéètì lọ́nà tí a fi lè dá àwọn fọ́nrán yìí sí. Ṣùgbọ́n bí jẹjẹrẹ bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn, wọn ò ṣeé fi sílẹ̀. Bí wọ́n bá sì fi wọ́n sílẹ̀, ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó jí padà.

Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ abẹ yìí ò rí bákan náà fún gbogbo èèyàn. Àwọn kan wà tí pírósítéètì wọn kàn wú, tí kì í ṣe jẹjẹrẹ. Àwọn mìíràn wà tí jẹjẹrẹ ti tàn kálẹ̀ lára wọn, tí wọ́n yọ kórópọ̀n wọn tàbí tí wọ́n ń gba abẹ́rẹ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀; ìyẹn máa ń dín ìfẹ́ sí obìnrin kù. Ẹ bi dókítà yín léèrè èyí tí wọ́n ṣe fún yín gan-an.

BÍ ÌTỌ̀ BÁ Ń JÒ

Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ìtọ̀ yìí máa ń dínkù díẹ̀díẹ̀ láàárín oṣù 3 sí ọdún 1. Iṣẹ́ kan sì wà tó ń ràn án lọ́wọ́. Dókítà Arnold Kegel ló kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1948 fún àwọn ìyá tó ti bímọ, ó sì wúlò fún ọkùnrin náà. Bí wọ́n bá ti yọ rọ́bà tí wọ́n fi sí ojú ìtọ̀, ẹ fún iṣan ìdí pọ̀ bí ẹni tó fẹ́ dá ìtọ̀ àti isó dúró. Ẹ ka 1 dé 10, ẹ tú u sílẹ̀, ẹ tún ka 1 dé 10. Bí 10 bá pọ̀ jù, ẹ fi 3 tàbí 5 bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣe é nígbà 10, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Ẹ má ṣe sé èémí, ẹ má sì fún ikùn pọ̀. Ẹ tún lè fún un pọ̀ kí ẹ tó wúkọ́ tàbí kí ẹ tó dìde láti ìforíkanlẹ̀.

Ẹ má torí ìtọ̀ sá fún omi. Láti ìgbà ìṣínu títí di sààrì, ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Tíì, kọfí àti obì ni kí ẹ dínkù. Ẹ lo ìlédìí àgbàlagbà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bí ọdún kan bá kọjá tí ìtọ̀ ṣì ń dà, iṣẹ́ abẹ mìíràn wà fún un. Ṣùgbọ́n bí ìtọ̀ bá sé pátápátá, tí ara bá gbóná, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, ilé ìwòsàn ni kíá.

ÌRUN ÀTI ÀÀWẸ̀

Fatimah ọmọ Abi Hubaysh lọ bá Ànábì (kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a) nípa ẹ̀jẹ̀ tí kò dá lára rẹ̀. Ànábì kò ní kí ó pa ìrun tì títí láé. Lẹ́yìn àwọn ọjọ́ nǹkan oṣù rẹ̀, kí ó fọ ẹ̀jẹ̀ náà kúrò kí ó sì máa kírun ni. Òun ni àwọn onímọ̀ fi ń wo ọ̀rọ̀ ẹni tí ìtọ̀ ń jò lára rẹ̀.

Ní ọ̀nà Imam Malik tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀lé, bí ìtọ̀ bá ń jò fún ìlàjì àkókò ìrun tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò ba àlùwàlá jẹ́, ṣùgbọ́n ó dára láti tún un ṣe. Ní ti Imam Shafi'i, kí èèyàn ṣe àlùwàlá tuntun fún ìrun ọ̀ranyàn kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí àkókò rẹ̀ bá wọlé. Ìmọ̀ràn wa ni pé: ẹ fọ ara, ẹ wọ ìlédìí tó mọ́, ẹ ṣe àlùwàlá, ẹ kírun. Èyí tó bá jò lórí ìrun kò bà á jẹ́. Ẹ wá sí mọ́sálásí, níwọ̀n ìgbà tí ìlédìí bá ti gbà á dúró tí ẹní kò bàjẹ́. Ẹ kàn jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe Lèmọ́mù. Ìtọ̀ jíjò kì í ba ààwẹ̀ jẹ́. Ẹni tí àìsàn kò jẹ́ kó lè gbààwẹ̀, Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda fún un nínú Suratul Baqarah kí ó san án padà bí ara rẹ̀ bá yá.

Ọ̀RỌ̀ YÀRÁ

Nǹkan ọkùnrin lè gba ọdún 1 sí 2 kí ó tó dìde dáadáa, pàápàá fún àgbàlagbà. Ti àwọn mìíràn kì í padà tán. Oògùn sildenafil wà láti ọdún 1998, abẹ́rẹ́ wà, pọ́ńpù sì wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo oògùn àyà tí wọ́n ń pè ní nitrate kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan sildenafil, nítorí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ débi tí yóò pa á. Dókítà ni kó kọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àwọn àgbo "mánpáwà" inú mọ́tò sílẹ̀; a ò mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn.

Ẹ má bẹ̀rù bí àtọ̀ ò bá jáde mọ́. Bí iṣẹ́ abẹ náà ṣe rí nìyẹn. Ìwẹ̀ jánábà ṣì di dandan bí tọkọtaya bá ti bá ara wọn lò pọ̀, àtọ̀ jáde o, kò jáde o.

Ẹ̀yin ìyá wa, bí bàbá bá ń sùn ní yàrá ọ̀tọ̀, ẹ má rò pé ìyàwó kékeré ló dé. Ìtìjú ló ń ṣe wọ́n. Ẹ bá wọn lọ rí dókítà. Ẹ̀yin bàbá, ìyàwó yín ní ẹ̀tọ́ lọ́rùn yín, ọ̀rọ̀ sísọ sì wà nínú ẹ̀tọ́ náà. Ìfọwọ́kanra àti ọ̀rọ̀ dídùn kò nílò oògùn.

IBI TÍ A LÈ LỌ

Ilé ìwòsàn ìkọ́ni wà ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó, níbi tí ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pè ní Sípẹ́ṣálíìsì. Federal Medical Centre wà ní Ọ̀wọ̀. Ẹ béèrè dókítà tó mọ̀ nípa ọ̀nà ìtọ̀. Ní oṣù November ọdún 2014, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sọ ní gbangba pé jẹjẹrẹ yìí ṣe òun, òun sì gba ìtọ́jú. Bí irú wọn ò bá tijú, ta ni yóò tijú nínú wa?

Bàbá tí a sọ̀rọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan ti padà sí sọ́ọ̀fù. Àpò kékeré kan máa ń wà lọ́wọ́ wọn, ìlédìí ló wà nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì bi wọ́n léèrè. Bí ẹ bá mọ ẹni tó wà nílé bẹ́ẹ̀, ẹ lọ kí i kí ààwẹ̀ yìí tó parí.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà, kí Ó gba ààwẹ̀ wa, kí Ó bo àṣírí wa. Àmín. Ma salam.