T'Challa àti Killmonger: Ẹjọ́ Tó Tọ́, Ọwọ́ Tó Burú

Ọ̀dájú ni Killmonger nínú Black Panther, fíìmù tí Ryan Coogler darí ní 2018, síbẹ̀ ẹjọ́ rẹ̀ kò ṣeé dà nù. Ní Oakland ní 1992, T'Chaka ọba Wakanda, orílẹ̀-èdè àròsọ kan ní Áfíríkà, pa N'Jobu àbúrò rẹ̀ nígbà tí ìyẹn fa ìbọn yọ, ó sì fi ọmọ N'Jobu sílẹ̀ síbẹ̀ kí àṣírí má baà tú. Ọmọ yẹn ló di Killmonger. Ó padà wá bi àwọn ará Wakanda pé pẹ̀lú gbogbo vibranium, irin alágbára yẹn, tí ẹ ní, kí lẹ ṣe fún àwọn èèyàn dúdú tí ìyà ń jẹ káyé? T'Challa, ọmọ T'Chaka tó wà lórí oyè, ní àwọn yẹn kì í ṣe ará Wakanda. Èsì ọ̀lẹ nìyẹn.

Ọwọ́ ni wọ́n ti yàtọ̀. Lórí àpáta kan náà, létí omi tó ń ya wálẹ̀, ni wọ́n ti ń jà du oyè. Nígbà tí T'Challa borí M'Baku, olórí ẹ̀yà kan tó bá a du oyè, níbẹ̀, ńṣe ló ń rọ̀ ọ́ pé kó juwọ́ sílẹ̀, torí àwọn èèyàn rẹ̀ ṣì nílò rẹ̀. Killmonger ní tirẹ̀ pa Zuri àgbàlagbà tó fẹ́ gba ìjà náà jà, ó sì gbé T'Challa sọ sísàlẹ̀. Àwọn ará M'Baku ló rí i he.

Àwọn tó ṣe fíìmù náà rẹ́ wa jẹ díẹ̀, ṣá. Wọ́n mú kí Killmonger yìnbọn pa obìnrin tó ń fẹ́, kó tún fún ìyá àgbà kan lọ́rùn, ká lè tètè kórìíra rẹ̀ láìgbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ tán.

Lójú tèmi, ìjà kọ́ ló wúwo jù níbẹ̀. Àwọn méjèèjì ló lo ewé tó ń fún ọba lágbára, tí wọ́n sì bá baba wọn tó ti kú pàdé. Killmonger sunkún, ó jí, ó ní kí wọ́n dáná sun gbogbo ewé náà: kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ lẹ́yìn òun. T'Challa sọ lójú baba rẹ̀ àti gbogbo àwọn baba ńlá pé wọ́n ṣìnà. Ta ló ń bá òkú ọ̀run wí nílẹ̀ wa? Ibẹ̀ ni mo ti gbà pé ó tó ọba í jẹ.

Kò sì yẹ ká gbàgbé Nakia, amí Wakanda. Inú igbó Sambisa, láàárín àwọn obìnrin tí wọ́n jí gbé, la ti kọ́kọ́ rí i, òun ló sì ti ń sọ pé kí Wakanda ran àwọn ẹlòmíì lọ́wọ́ kí Killmonger tó dé. Wọn kò gbọ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi ṣàn. Nígbà tí T'Challa wá ra ilé ní Oakland, Nakia náà ló ní kó máa bójú tó iṣẹ́ ìrànwọ́ ibẹ̀.