Ṣé o mọ̀? Sátẹ́láìtì kan ń ṣọ́ ohun tí ojú kò rí

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 2015, orílẹ̀-èdè Ṣáínà fi sátẹ́láìtì DAMPE ránṣẹ́ sí òfuurufú. Orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ ni Wukong, ọ̀bọ alágbára inú ìtàn àtijọ́ wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ka àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń já bọ́ láti òde ayé, bóyá a ó rí ipasẹ̀ dark matter, ohun tí kì í tan ìmọ́lẹ̀, àmọ́ tó pọ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún gbogbo ohun tí à ń fojú rí.

Ọ̀pá kírísítálì 308 ló wà nínú rẹ̀, ní ìpele 14. Bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù bá kọlù wọ́n, wọn á tan yẹ́ẹ́. Bí ìmọ́lẹ̀ náà bá ṣe pọ̀ tó ni agbára ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù náà ṣe tó.

Ní 2017, iye ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó kà yọ gọngọ níbì kan, ní agbára 1.4 TeV (TeV ni òṣùwọ̀n agbára wọn). Ni ariwo bá ta pé bóyá dark matter nìyí! Ẹ fara balẹ̀ ná: CALET, ẹ̀rọ àwọn ará Japan tó wà lára ibùdó òfuurufú ISS, wo ibẹ̀, kò rí gọngọ kankan. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù alágbára kì í sì í rìn jìnnà kó tó rẹ̀ ẹ́, nítorí náà pulsar, òkú ìràwọ̀ tó ń yí bí òkòtó nítòsí wa, lè máa rán irú wọn jáde. Ní tèmi, pulsar ló yẹ ká kọ́kọ́ fura sí.