Òjé di èèwọ̀: Kátíríìjì wo ló kù fún ọdẹ pẹ́pẹ́yẹ l'Amẹ́ríkà?

Bí oṣù Kọkànlá bá ti ń lọ sópin lọ́dọọdún, Stuttgart, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Arkansas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, a máa kún fún ọdẹ. Oko ìrẹsì ni àwọn ará ibẹ̀ ń dá, àmọ́ pẹ́pẹ́yẹ igbó ló sọ ìlú náà di olókìkí. Láti 1936 ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje àgbáyé níbẹ̀ fún ẹni tó bá mọ fèrè fọn jù lọ bí ohùn pẹ́pẹ́yẹ. Àwọn ẹyẹ tó ń sá fún òtútù ìhà àríwá ló ń bà sínú oko ìrẹsì wọn àti sínú igbó tí omi ti bò, tí wọ́n ń wá oúnjẹ kiri. Ọdẹ á wọ inú omi tó dé itan, á fara ti igi, á máa wo òkè.

Tí àwọn ọdẹ wọ̀nyí bá jókòó ti kọfí, ọ̀rọ̀ tí kì í tán lẹ́nu wọn ni ti kátíríìjì. Ṣé irin ni kéèyàn rà ni, àbí bismuth? Nọ́ńbà 2 ni, àbí nọ́ńbà 4? Ẹni tí kò bá mọ ìdí ọ̀rọ̀ á rò pé iyàn ọlọ́tí lásán ni. Bẹ́ẹ̀, òfin kan tí wọ́n ṣe nítorí májèlé ló bí i.

Ohun tí òjé ń ṣe nínú iwe pẹ́pẹ́yẹ

Láyé ìgbà kan, òjé ni wọ́n fi ń ṣe ọta wẹ́wẹ́ tó ń wà nínú kátíríìjì. Òjé wúwo, ó rọ̀, kò wọ́n, iná díẹ̀ ló sì ń yọ́ ọ. Àmọ́ kátíríìjì kan ṣoṣo lè kó ọta tó lé ní 150. Bí ọdẹ bá tilẹ̀ pa ẹyẹ, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ló ń bà á. Ìyókù á já sínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi. Ọdún ń gorí ọdún, ọta ń gorí ọta.

Pẹ́pẹ́yẹ kò ní eyín. Bíi ti adìẹ àgbàlá wa, òkúta wẹ́wẹ́ ló ń gbé mì kí iwe rẹ̀ lè fi lọ oúnjẹ. Nígbà tó bá ń fi àgógó tú ẹrẹ̀, kò mọ ọta yàtọ̀ sí òkúta tàbí kóró koríko. Iwe á máa lọ òjé náà, omi kíkan inú ikùn á máa yọ́ ọ, á sì gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ. Apá ẹyẹ náà á wọ́lẹ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ á di aláwọ̀ ewé, oúnjẹ kò ní dà nínú rẹ̀ mọ́. Á rù títí egungun àyà rẹ̀ á fi yọ, á sì kú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ọta kan tàbí méjì péré tó láti ṣe gbogbo èyí. Ẹyẹ idì olórí funfun, èyí tí Amẹ́ríkà fi ṣe àmì orílẹ̀-èdè, tó bá sì jẹ òkú pẹ́pẹ́yẹ bẹ́ẹ̀, òun náà ti jẹ májèlé nìyẹn.

Àwa náà kò ṣàì mọ òjé. Òun ni àwọn olórìṣà Ọbàtálá fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́, àmọ́ orí awọ ara ni ìyẹn ń wà. Ìgbà tó bá dénú ikùn tàbí tó gba imú wọlé ló ń di ikú, bí a ṣe rí i ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní 2010, nígbà tí eruku òjé láti ibi tí wọ́n ti ń lọ òkúta wúrà pa ọmọdé tó lé ní 400.

Ní 1959, Frank Bellrose, onímọ̀ nípa ẹranko igbó ní ìpínlẹ̀ Illinois, gbé ìwádìí jáde pé òjé ń pa nǹkan bí ìdá méjì sí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ẹyẹ omi Àríwá Amẹ́ríkà lọ́dọọdún. Ọ̀pọ̀ ọdẹ kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ó gba ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, pẹ̀lú ariwo àti ẹjọ́ ní kóòtù, kí àjọ U.S. Fish and Wildlife Service tó fòfin de òjé fún ọdẹ ẹyẹ omi jákèjádò orílẹ̀-èdè náà ní 1991. Ṣé òfin ọ̀hún ṣiṣẹ́? Ó ṣiṣẹ́. Ìwádìí kan tó jáde ní 2000 fi hàn pé ikú òjé láàárín mallard, pẹ́pẹ́yẹ olórí aláwọ̀ ewé, ti fi ìdá 64 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù lágbègbè odò Mississippi. Àwọn tó ṣe é ṣírò pé ní 1997 nìkan, nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.4 pẹ́pẹ́yẹ ni òfin náà gbà lọ́wọ́ ikú.

Irin fúyẹ́, ibẹ̀ ni wàhálà wà

Irin ló rọ́pò òjé, irin sì fúyẹ́. Òjé tó bá kún ike omi onílítà kan á wọn nǹkan bíi kílò 11. Irin tó bá kún ike kan náà kò ní tó kílò 8. Bí ọta méjì bá rí bákan náà tí wọ́n sì jọ gbéra, afẹ́fẹ́ á tètè dá onírin dúró, agbára tó bá sì kù nínú rẹ̀ nígbà tó bá débi ẹyẹ kò ní tó ti òjé. Ìdí nìyí tí àwọn ọdẹ ìgbà náà fi fajú ro. Wọ́n ní irin kàn ń ṣe ẹyẹ léṣe ni, pé ẹyẹ á fò lọ kú síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i.

Ẹ̀sùn náà kì í ṣe irọ́, àmọ́ ó ní oògùn: ọta tó tóbi sí i. Nọ́ńbà tí Amẹ́ríkà ń fún ọta ń lọ sẹ́yìn ni. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ọta ṣe tóbi tó. Ọgbọ́n kékeré kan wà tí ọdẹ fi ń mọ̀ ọ́n: ẹ yọ nọ́ńbà ọta kúrò nínú 17, ohun tó bá kù ni fífẹ̀ rẹ̀, tí a bá pín ínṣì kan sọ́nà ọgọ́rùn-ún. Nọ́ńbà 4 á jẹ́ 13, ìyẹn mílímítà 3.3. Nọ́ńbà 2 á jẹ́ 15, ìyẹn mílímítà 3.8. Ọta òjé nọ́ńbà 4 kan wọn nǹkan bíi gíráàmù 0.21, ti irin tó bá jẹ́ nọ́ńbà 2 wọn nǹkan bíi 0.23. Ẹni tó ń fi òjé nọ́ńbà 4 pa mallard tẹ́lẹ̀, tó bá ra irin nọ́ńbà 2, kò pàdánù púpọ̀. Ohun tí wọ́n ń wí nìyẹn tí wọ́n bá ní kéèyàn gòkè ní nọ́ńbà méjì.

Àmọ́ ọta ńlá kì í pọ̀. Kátíríìjì tó bá gba gíráàmù 35 irin á kó nǹkan bí 156 nọ́ńbà 2, bẹ́ẹ̀ ló máa kó nǹkan bí 240 nọ́ńbà 4. Ẹni tó bá mú ọta ńlá ní agbára ṣùgbọ́n àlàfo á pọ̀ láàárín ọta rẹ̀, ẹyẹ sì lè gba àlàfo náà kọjá. Ẹni tó mú wẹ́wẹ́ á kún ojú ọ̀run, àmọ́ bí ẹyẹ bá jìnnà, ìyẹ́ nìkan ló máa gbọ̀n dànù. Nínú igbó olómi Arkansas, tí ẹyẹ ń bà níwọ̀n mítà 20 sí 25, nọ́ńbà 4 tó, mo tiẹ̀ rò pé ó dára ju nọ́ńbà 2 lọ. Lórí omi gbalasa, nọ́ńbà 2 ni. Ẹyẹ ńlá ọlọ́rùn gígùn tí wọ́n ń pè ní goose ló nílò BB, tó fẹ̀ tó mílímítà 4.6.

Àwọn ilé iṣẹ́ tún ń fi eré sísá tan èèyàn. Wọ́n á kọ 1,500 tàbí 1,550 gàdàgbà sára páálí, ìyẹn iye ẹsẹ̀ bàtà tí ọta ń sá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn kó sí yín lórí. Bí ọta bá ṣe ń sáré tó ni afẹ́fẹ́ ṣe ń dènà rẹ̀ tó, nítorí náà púpọ̀ nínú eré àfikún náà á ti tán kó tó débi ẹyẹ. Èjìká yín ló máa kọ́kọ́ mọ̀ pé ìbọn náà le.

Bismuth àti tungsten ńkọ́? Bismuth, tí wọ́n fi tánńganran díẹ̀ sí, wúwo ju irin lọ, ó sì rọ̀. Ẹni tó jogún ìbọn ẹlẹ́nu méjì àtijọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, òun gan-an ló yẹ kó rà á, torí irin líle lè ba ọ̀pá ìbọn bẹ́ẹ̀ jẹ́. Tungsten ni ọ̀gá gbogbo wọn: èyí tó dára jù nínú rẹ̀ ń wọn nǹkan bíi kílò 18 ní lítà kan, ó fi jìnnà ré kọjá òjé pàápàá. Nọ́ńbà 9, tó kéré bí orí ìṣáná, ni wọ́n ń lò nínú rẹ̀, nǹkan bí 360 ló sì wà nínú gíráàmù 28. Owó rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Olówó ló ni ín.

Bébà kì í purọ́

Tí ẹ bá la kátíríìjì onírin, ẹ ó rí ìdí idẹ, ẹ̀tù, àti ife ike nínípọn kan tó gbé ọta sínú. Ife náà ló ń dáàbò bo inú ọ̀pá ìbọn, kí irin má baà ha á. Nítorí pé irin kì í tẹ̀ bí òjé, ọta rẹ̀ ń rìn pọ̀ bó ṣe ń jáde. Ẹnu ìbọn tó fún gan-an, tí àwọn àgbà ọdẹ fẹ́ràn nígbà òjé, kò wúlò fún un mọ́, ó tiẹ̀ lè wú lẹ́nu. Ìfúnpọ̀ díẹ̀ tàbí ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ló tọ́.

Ìbọn méjì kì í sì í pín ọta bákan náà, kódà tí kátíríìjì wọn bá jẹ́ ọ̀kan. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ọdẹ fi lè mọ̀ ni kó na bébà ńlá, kó dúró ní mítà 36, kó yìn ín, kó wá fa òbìrìkìtì tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 76 yí ibi tí ihò pọ̀ sí jù, kó sì kà wọ́n. Iṣẹ́ àṣelàágùn ni, ọ̀pọ̀ kì í ṣe é. Àwọn tí kì í ṣe é ló sábà máa ń ní irin kò dára.

Ohun kan wà tí mi ò ní fi ṣeré. Kátíríìjì ìbọn tí ìwọ̀n ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ 20 kéré ju ti 12 lọ. Tó bá ṣèèṣì bọ́ sínú ìbọn 12, á yọ̀ wọnú ọ̀pá, á há síwájú. Ọdẹ á rò pé ìbọn òun ṣófo, á ki 12 tẹ̀lé e, á yìn ín, ọ̀pá náà á sì bú gbàù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń kun ti 20 ní àwọ̀ ìyeyè. Ẹ má ṣe da méjèèjì pọ̀ sápò kan láéláé.

Ọ̀rọ̀ òjé kò mọ sí Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de é fún ẹyẹ omi láti 1999, àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù sì fòfin de yíyìn ín nínú àbàtà láti oṣù Kejì 2023. Ìyẹn kàn wá, torí àwọn pẹ́pẹ́yẹ kan tó ń lo ìgbà ẹ̀rùn ní àbàtà Hadejia-Nguru ní àríwá Nàìjíríà, Yúróòpù ni wọ́n ti ń wá.

Fún ọmọ wa tó wà ní Texas tàbí Arkansas, tí àwọn ọ̀rẹ́ ń pè lọ sódò: pẹ̀lú ìbọn 12, kátíríìjì irin ínṣì mẹ́ta, nọ́ńbà 2 tàbí 4, tó fún gbogbo pẹ́pẹ́yẹ tí kò bá jìnnà ju mítà 35 lọ. Èyí tó bá jìnnà jùyẹn, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ìbọn yín kò gbọ́dọ̀ gbà ju kátíríìjì mẹ́ta lọ. Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ yẹ gbogbo àpò ẹ̀wù ọdẹ yín wò, pàápàá tẹ́ ẹ bá ti wọ̀ ọ́ lọ dọdẹ àdàbà rí, torí kátíríìjì òjé lè ṣẹ́ kù síbẹ̀. Kì í ṣe yíyìn òjé nìkan ni òfin kọ̀. Bí wọ́n bá bá kátíríìjì òjé kan ṣoṣo lára yín níbi tẹ́ ẹ ti ń dọdẹ ẹyẹ omi, ẹ ti jẹ̀bi.