Ọ̀nà Òru Kọ́ Ni Ọ̀nà Àga Adájọ́

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń gbé Kàlàbá, àwọn òbí kan ń wá bá wa lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí pé ọmọ àwọn tó jẹ́ lọ́yà fẹ́ di adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga níbí. Ilé ta ni kí àwọn gbà lọ lóru? Ẹnìkan tiẹ̀ ní ká dá owó jọ. A kọ̀. Adájọ́ tí a fi owó wa gbé débẹ̀, ṣé ó lè dá wa lẹ́bi bí a bá jẹ̀bi?

Òfin ọdún 1999 là á sílẹ̀: ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ ìdájọ́ ní ìpínlẹ̀ ni yóò fi orúkọ ránṣẹ́ sí NJC l'Ábùjá, NJC yóò dábàá ẹni tó yẹ, gómìnà yóò sì yàn án. Ti adájọ́ àgbà nìkan ló ń dé iwájú àwọn aṣòfin.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ Adájọ́ Akon Ikpeme há sí. NJC ti dábàá rẹ̀, àmọ́ lóṣù kẹta ọdún 2020, àwọn aṣòfin Cross River kọ̀ ọ́, wọ́n ní ọmọ Akwa Ibom ni. Ọmọ Cross River sì lọkọ rẹ̀! Ìpínlẹ̀ kan náà ni méjèèjì títí di ọdún 1987. Ó di 2021 kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Bí wọ́n bá ṣe èyí sí ìyàwó ilé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ìyá rẹ̀ ń tajà lọ́jà Watt ńkọ́? Ìbéèrè yìí la fẹ́ kọ sínú lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀. Ọ̀sán gangan la ó gbé e lọ.