BÍ WỌ́N BÁ BI Ọ́ PÉ: KÍ NI O GBÀ GBỌ́?

Ibi kíkà: 1 Pétérù 3:13-17, 1 Kọ́ríńtì 15:1-8

Olùfẹ́ nínú Olúwa, jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ojú ọ̀pọ̀ nínú wa tí ń gbé Ìlọrin ti rí. Ọjọ́ Iléyá ni. O lọ kí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ nílé, bí o ti máa ń ṣe lọ́dọọdún, nítorí ẹbí kan náà ni yín, bí òun tilẹ̀ jẹ́ Mùsùlùmí tí ìwọ sì jẹ́ onígbàgbọ́. Ẹ jẹun, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ bèèrè àlàáfíà ara yín. Lẹ́yìn náà ni bàbá gbé ojú sókè. Kò bínú, kò sì fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní: “Ọmọ mi, ìgbàgbọ́ tí ẹ ń ṣe yìí, kí ni ó wà nínú rẹ̀ gan-an?” O yára dáhùn pé: “Ìjọ báyìí báyìí ni mo ń lọ, bàbá.” Bàbá mi orí, ó ní: “N kò bi ọ́ ní ìjọ tí ò ń lọ. Ohun tí o gbà gbọ́ ni mo bi ọ́.”

Kí ni o fẹ́ sọ?

Ọ̀pọ̀ nínú wa, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń tán lẹ́nu wa. A mọ orúkọ pásítọ̀ wa. A mọ ọjọ́ tí ìsọjí bẹ̀rẹ̀ àti àwọ̀ aṣọ tí ẹgbẹ́ yóò wọ̀ ní ọjọ́ ìkórè. Ṣùgbọ́n Àpọ́sítélì Pétérù kò sọ pé kí á múra sílẹ̀ láti sọ orúkọ ìjọ wa. Ohun tí ó pa láṣẹ ni pé kí á múra tán nígbà gbogbo láti ṣàlàyé ìrètí tí ó wà nínú wa fún ẹni tí ó bá béèrè. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ìgbàgbọ́ tí ẹni tó ni ín kò lè ṣàlàyé, ìbéèrè kan ṣoṣo láti ẹnu àgbà lè mì í.

PÁTÁKÓ ÌJỌ KÌ Í ṢE ÌGBÀGBỌ́

Rìn láti Táíwò dé Sábó-Òkè, kí o sì tún dé Tankẹ, ìwọ yóò rí pátákó ìjọ lóríṣiríṣi. Àwọn kan jẹ́ ti ìjọ tí àwọn bàbá wa ti mọ̀ tipẹ́: Áńgílíkà, Onítẹ̀bọmi, Mẹ́tọ́díìsì, Kátólíìkì, ECWA, UMCA, Àpọ́sítélì, Kérúbù àti Séráfù. Àwọn mìíràn sọ gbangba pé àwọn kò sí lábẹ́ ẹ̀yà ìjọ kankan, pé Bíbélì nìkan ni àwọn ń tẹ̀ lé. Èyí dára. Ṣùgbọ́n yálà ìjọ rẹ ní ẹ̀yà tàbí kò ní, mo fẹ́ kí o bi ara rẹ léèrè: bí wọ́n bá yọ pátákó yẹn kúrò lónìí, kí ni yóò kù?

Àwọn kan ti wà ṣáájú wa tí wọn kò ní pátákó rárá. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kejìlá, ọdún 1893, ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta láti Àríwá Amẹ́ríkà gúnlẹ̀ sí Èkó. Orúkọ wọn ni Walter Gowans, Thomas Kent àti Rowland Bingham. Kò sí ìjọ ńlá kan tí ó rán wọn, nítorí àwọn ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì kò fẹ́ rán ènìyàn lọ sí ibi tí ó léwu tó bẹ́ẹ̀. Sudan ni wọ́n ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn òyìnbó ayé ìgbà náà ń pe gbogbo ilẹ̀ tí ó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Ọ̀gá àwọn míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì ní Èkó kìlọ̀ fún wọn pé wọn kò ní fojú kan ibẹ̀.

Bingham dúró sí Èkó kí ó lè máa fi ohun tí wọ́n nílò ránṣẹ́. Gowans àti Kent mú ọ̀nà pọ̀n. Kí ọdún 1894 tó parí, àwọn méjèèjì ti kú: Gowans ní Girku ní ilẹ̀ Hausa, Kent ní Bídà ní ilẹ̀ Núpé. Bingham padà sílé pẹ̀lú ọgbẹ́ ọkàn. Ó tún wá ní ọdún 1900, ibà sì tún dá a padà. Síbẹ̀ kò jáwọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1902, àwọn tí ó tún rán wá fi ìdí iṣẹ́ náà kalẹ̀ sí Pàtígì, ní Ìpínlẹ̀ Kwara wa yìí. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti tàn. Tommy Titcombe dé Ẹ̀gbẹ̀ ní ilẹ̀ Yàgbà ní ọdún 1908. Ní ọdún 1954, àwọn ìjọ tí iṣẹ́ náà bí para pọ̀ di ECWA. Ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ Ọlọ́run tí ó wà ní Ìgbàjà, èso iṣẹ́ náà ni. Banfield, ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ dé Pàtígì, ni iṣẹ́ rẹ̀ ní Ṣóńgà di orísun UMCA, tí ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ Ọlọ́run tirẹ̀ wà nínú ìlú Ìlọrin níhìn-ín.

Ṣé o rí i? Ẹgbẹ́ tí kò ní ẹ̀yà ni ó bí ìjọ tí ó ní orúkọ. Kò burú, nítorí ọmọ tí a bá bí gbọ́dọ̀ ní orúkọ. Ohun tí ó burú ni kí orúkọ wá rọ́pò ìgbàgbọ́. Gowans àti Kent kò kú nítorí orúkọ ìjọ, wọn kò ní ọ̀kan tí wọ́n ń polówó. Àwọn tí ó wá láti inú ìjọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láti jọ ṣiṣẹ́ bí irú èyí gbọ́dọ̀ bi ara wọn pé: kí ni gbogbo wa jọ gbà, tí a kò lè fi sílẹ̀ kódà bí ikú bá dé? Ìdáhùn náà kò pọ̀, ó sì fìdí múlẹ̀. Jẹ́ kí á gbé e yẹ̀ wò.

OHUN TÍ GBOGBO WA JỌ GBÀ

Èkínní ni Ìwé Mímọ́. A gbà pé Ọlọ́run ni ó mí sí i, òun sì ni òdiwọ̀n gbogbo ẹ̀kọ́. Àlá pásítọ̀ kò ga jù ú lọ. Ìran wòlíì kò ga jù ú lọ. Láti ọdún 1884 ni odindi Bíbélì ti wà ní èdè Yorùbá, nípa làálàá Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Wo àwọn ọmọdé àdúgbò rẹ tí ń lọ sí ilé kéwú láti kékeré, tí wọ́n sì ń ka Kùránì sórí ní èdè tí kì í ṣe ti ìyá wọn. Ọmọ tìrẹ ní Bíbélì ní èdè tí ó fi ń béèrè oúnjẹ. Ẹsẹ mélòó ni ó mọ̀?

Èkejì ni pé Ọlọ́run kan ṣoṣo ni ó wà. Ibí yìí ni bàbá yóò ti kọ́kọ́ bi ọ́: “Ṣé kì í ṣe Ọlọ́run mẹ́ta ni ẹ ní?” Má ṣe kánjú mú àfiwé omi tàbí ẹyin wá; kò sí àfiwé tí kò ní kùnà. Kọ́kọ́ dá a lóhùn pé: “Rárá o, bàbá. Ọ̀kan ni.” Mósè kéde rẹ̀ fún Ísírẹ́lì nínú Deutarónómì 6:4, Olúwa wa Jésù fúnra rẹ̀ sì tún un sọ nínú Máàkù 12:29. Ọlọ́run kan yìí ni ó fi ara rẹ̀ hàn wá bí Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́. Nínú Mátíù 28:19, orúkọ kan ni Jésù ní kí á fi ṣe ìrìbọmi, kò pè é ní orúkọ mẹ́ta. Tún jẹ́ kí ó yé bàbá pé nígbà tí a bá ní Ọmọ Ọlọ́run, a kò sọ pé Ọlọ́run fẹ́ ìyàwó, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí á sọ bẹ́ẹ̀! Màríà kò sì sí nínú Mẹ́talọ́kan. Ìpayà tí àwọn ará ilé wa ní sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, àwa náà ní i.

Ẹ̀kẹta ni ẹni tí Jésù jẹ́: Ọlọ́run tòótọ́ àti ènìyàn tòótọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ìjọ rí. Àlùfáà kan ní Alexandria, Arius, ń kọ́ni pé ẹ̀dá ni Ọmọ, pé ìgbà kan wà tí kò sí. Ní ọdún 325, àwọn bíṣọ́ọ̀bù pàdé ní Níséà, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Tọ́kì lónìí, wọ́n sì kọ ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Ní 2025 ni ìpàdé yẹn pé 1,700 ọdún, síbẹ̀ ohun tí wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni Kátólíìkì, Áńgílíkà, Onítẹ̀bọmi àti ìjọ tí kò ní ẹ̀yà ṣì dìrọ̀ mọ́. Ìdí tí ó fi ṣe pàtàkì kò le: bí ó bá jẹ́ ẹ̀dá ni Jésù, ẹ̀dá ni ó kú fún wa, gbèsè wa sì wà nílẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ikú àti àjíǹde rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ará ilé wa gbà pé wọn kò kan Jésù mọ́ àgbélébùú rárá. Ṣí 1 Kọ́ríńtì 15. Pọ́ọ̀lù kọ lẹ́tà yẹn nígbà tí kò tíì tó 30 ọdún tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ó ní ohun tí òun gbà ni òun fi lé wọn lọ́wọ́: Kristi kú fún ẹ̀ṣẹ̀ wa, wọ́n sin ín, ó jíǹde ní ọjọ́ kẹta. Ó ka àwọn tí ó rí i, títí kan àwọn tí ó lé ní 500 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì ní púpọ̀ nínú wọn ṣì wà láàyè. Ẹni tí ń parọ́ kì í ní kí ènìyàn lọ bi àwọn ẹlẹ́rìí wò.

Ẹ̀karùn-ún ni ìgbàlà nípa oore-ọ̀fẹ́. Olùfẹ́, dúró níbí pẹ̀lú mi díẹ̀, nítorí ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ ti kùnà láìmọ̀. Bi ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ní ìsìn pé, “Bí o bá kú lálẹ́ yìí, kí ni yóò mú ọ dé ọ̀run?” Ó lè sọ pé òun ń san ìdámẹ́wàá, òun kì í pa ìsìn jẹ, òun ń gba ààwẹ̀, òun kò ṣe ibi sí ẹnikẹ́ni. Gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n wò ó, kí ni Kristi wá kú fún? Bí ó bá jẹ́ pé a ó gbé iṣẹ́ rere wa sórí òṣùwọ̀n, kí á sì máa gbàdúrà pé kí ó tẹ̀wọ̀n, a kò nílò àgbélébùú. Éfésù 2:8-10 là á yé wa pé ẹ̀bùn ni ìgbàlà, ìgbàgbọ́ ni a fi ń gbà á, kò ti ọwọ́ iṣẹ́ wá, kí ẹnikẹ́ni má baà yangàn. Lẹ́yìn náà ni ó wá sọ pé a dá wa fún iṣẹ́ rere. Èso ni iṣẹ́ rere, kì í ṣe gbòǹgbò. Ẹni tí ó bá yí èyí po, ìbẹ̀rù ni yóò máa fi sin Ọlọ́run títí yóò fi kú.

Ẹ̀kẹfà ni pé Ẹ̀mí Mímọ́ ń gbé inú ẹni tí ó bá gbàgbọ́, ó ń sọ ọ́ di ọ̀tun, ó sì ń so gbogbo wa pọ̀ di ara kan, tí í ṣe Ìjọ. Ìkeje ni pé Jésù yóò padà wá, òkú yóò jíǹde, ìdájọ́ yóò sì wà.

Kíyè sí ohun tí kò sí níbẹ̀. Bóyá ìrìbọmi jẹ́ ti rírì sínú omi tàbí ti wíwọ́n, bóyá obìnrin gbọdọ̀ bo orí, irú ìlù tí a ń lù, aṣọ funfun tàbí kóòtù: gbogbo èyí ní àyè tirẹ̀, ìjọ kọ̀ọ̀kan sì ní ìdí tí ó fi ṣe tirẹ̀. Má ṣe kẹ́gàn wọn. Ṣùgbọ́n má ṣe gbé wọn sí ipò Kristi.

BÍ A TI Í DÁHÙN

Pétérù kò fi ọ̀rọ̀ mọ síbi ìdáhùn. Ó ní kí á fi ìwà tútù àti ọ̀wọ̀ ṣe é. Àwa tí a wà ní Ìlọrin nílò apá kejì yìí. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, ìjọba ti ilé-ìwé mẹ́wàá pa nílùú yìí nítorí awuyewuye lórí híjáàbù, ilé-ìwé tí àwọn ìjọ dá sílẹ̀ tí ìjọba sì ń ràn lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹta, wọ́n sọ òkúta, àwọn ènìyàn fara pa. N kò dá ẹjọ́ náà níhìn-ín. Ilé ẹjọ́ wà fún ọ̀rọ̀ òfin. Ohun tí mo fẹ́ bi ọ́ ni pé: ní ọjọ́ wọ̀nyẹn, nígbà tí inú rẹ ń ru, ṣé o lè sọ ohun tí o gbà gbọ́ fún aládùúgbò rẹ láìbú u? Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ẹni tí ó mọ ohun tí ó gbà gbọ́ dájú kì í sábà pariwo.

Nítorí náà, nígbà tí bàbá bá tún bi ọ́, kúnlẹ̀ tàbí kí o dọ̀bálẹ̀ bí ó ti yẹ ọmọ, kí o sì wí pé: “Ẹ ṣeun, bàbá, tí ẹ bi mí. Mo gbà pé Ọlọ́run kan ni ó wà. Mo gbà pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí, n kò sì lè gba ara mi là. Mo gbà pé Ọlọ́run fẹ́ràn mi débi pé ó wá bá mi nínú Jésù Kristi, ó kú fún ẹ̀ṣẹ̀ mi, ó sì jíǹde. Mo ti gbẹ́kẹ̀ mi lé e. Nítorí rẹ̀ ni n kò ṣe bẹ̀rù ikú, nítorí rẹ̀ náà sì ni mo ṣe ń wá kí yín.” Kò gùn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè kọ́ ọ. Kọ́ ọ ní ilé rẹ nígbà àdúrà ìdílé lálẹ́ òní, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí o tó kọ́ ọmọ rẹ, ṣé o lè sọ ọ́ kí ó jẹ́ òótọ́ ní tìrẹ? Bí ọkàn rẹ bá sọ pé rárá, má ṣe dúró de ìsọjí. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yìí, kí o pe orúkọ Jésù. Kì í ti ẹni tí ó bá tọ̀ ọ́ wá nù.

Àdúrà: Olúwa, dárí jì wá tí a fi orúkọ ìjọ bò ọ́ mọ́lẹ̀. Kọ́ wa ní ohun tí a gbà gbọ́, kí á lè gbé e nínú ìwà, kí á sì lè sọ ọ́ pẹ̀lú ìwà tútù fún àwọn ará ilé wa. Ní orúkọ Jésù. Àmín.