Àwọ̀ Ewé Wo Ni? Ìtàn Bàálù Kékeré Kan Tí A Tún Kùn

Ní ilé wa ní Àjàṣẹ́, bàálù kékeré kan wà lórí pẹpẹ tí a ń to ìwé sí. Gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 38, ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì sì fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 35 láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Ẹ̀rọ mẹ́ta ni ó ní: ọ̀kan lábẹ́ ìyẹ́ ọ̀tún, ọ̀kan lábẹ́ ti òsì, ẹ̀kẹta sì wà ní ìdí ìrù. Ẹni tí ó bá mọ bàálù yóò mọ̀ lójú kan náà pé DC-10 ni, irú èyí tí ilé iṣẹ́ McDonnell Douglas ń ṣe ní Amẹ́ríkà nígbà kan rí. Gidi rẹ̀ gùn ju mítà 55 lọ. Èyí tí ó wà lọ́dọ̀ mi jẹ́ ìdá kan nínú 144 rẹ̀. Ike ni. Wẹ́wẹ́ ni ó wá nínú páálí. Èmi ni mo fi gọ́ọ̀mù so ó pọ̀, tí mo kùn ún ní funfun àti àwọ̀ ewé, tí mo sì lẹ orúkọ Air Afrique mọ́ ọn lára.

Oṣù mẹ́ta ni iṣẹ́ náà gbà mí. Kò sí àlejò tí ó rí i tí kò yìn ín. Ó wá di ọjọ́ Àìkú kan tí àbúrò bàbá mi, tí a ń pè ní Bàbá Kékeré, wá kí wa. Mẹkáníìkì ni wọ́n ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Kútọnù nígbà tí Air Afrique ṣì ń fò. Wọ́n mú bàálù náà, wọ́n gbé e lọ sí ojú fèrèsé, wọ́n yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún, wọ́n sì rọra dá a padà sí àyè rẹ̀. Wọ́n ní: «Ọmọ mi, o káre, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ mọ́. Ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé yìí kì í ṣe tiwa.»

Kí àwọn ọ̀dọ́ tí kò bá ìgbà náà lè mọ ìwúwo ọ̀rọ̀ «tiwa» yìí, ó yẹ kí a rán ara wa létí. Ní ọdún 1961, orílẹ̀-èdè mọ́kànlá nínú àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé parapọ̀ láti dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan ṣoṣo sílẹ̀. Dàhòmì, tí a ń pè ní Benin lónìí, wà lára wọn. Tógò darapọ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn náà. Àbíján ni olú ilé iṣẹ́ náà wà. Ohun tí ó ṣòro fún ẹnì kan láti dá gbé, wọ́n fi ọwọ́ pọ̀ gbé e. Ara funfun, àwọ̀ ewé àti orí àgbọ̀nrín ni a fi ń dá bàálù wọn mọ̀ láàrin ti àwọn ará Yúróòpù. Gbèsè wọ ilé iṣẹ́ náà lọ́rùn nígbẹ̀yìn, wọ́n sì tì í pa ní ọdún 2002. Lójú àwọn tí wọ́n jẹun nínú iṣẹ́ yìí, tí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn nu ara bàálù náà, àwọ̀ ewé yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Àmì ohun tí wọ́n jọ ní ni.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ jiyàn. Mo ní àwòrán lọ́wọ́! Fọ́tò àtijọ́ kan, tí wọ́n yà ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, ni mo tẹ̀ lé. Mo ti po ọ̀dà títí ó fi bá àwọ̀ inú fọ́tò náà mu régírégí. Àṣé ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣìnà.

Àwọ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń tò léra wọn nínú fọ́tò aláwọ̀ ti ayé àtijọ́: àwọ̀ ìyeyè, àwọ̀ pupa bí òdòdó, àti àwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́. Ìyeyè àti aró ni wọ́n ń pàdé tí ojú wa fi ń rí àwọ̀ ewé. Àwọn àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í sì í ṣá lọ́jọ́ kan náà. Nínú ọ̀pọ̀ fọ́tò ìgbà náà tí a tọ́jú sínú àpótí tàbí ìwé fọ́tò, aró ni ó kọ́kọ́ ń ṣá. Ìdí nìyí tí fọ́tò ìgbéyàwó àwọn òbí wa fi ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ọdún ti ń gorí ọdún. Bí aró bá ti lọ lára àwọ̀ ewé, ìyeyè ni yóò borí. Mo ṣe àdàkọ fọ́tò náà bí ó ti wà lónìí. N kò ṣe àdàkọ bàálù náà bí ó ti rí nígbà náà.

Èdè wa pẹ̀lú ní ẹjọ́ tirẹ̀ níbẹ̀. Funfun, pupa àti dúdú ni àwọn àgbà fi ń pín àwọ̀ ayé. Ewé tí ó bá ti gbó, dúdú ni wọ́n ń pè é. Èyí tí ó bá ń gbẹ, wọ́n á ní ó ti ń pọ́n. Nígbà tí àwa wá ń sọ pé «àwọ̀ ewé», a kì í béèrè ewé wo ni. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú lára igi kò rí bí ewé ọsàn tí ó ti gbó. Bàálù tí mo kùn jẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bàbá Kékeré ní ewé ọsàn ni ti àwọn.

Síbẹ̀, ojú inú àgbàlagbà pẹ̀lú lè ṣá bí fọ́tò, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n sọ fún mi pé kí n má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn nìkan gbọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé agolo kékeré kan wá, èyí tí wọ́n ti ń kó ìṣó sí láti ọjọ́ pípẹ́. Agolo ọ̀dà ni tẹ́lẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń tún ojú ibi tí ó bá họ lára bàálù ṣe. Wọ́n da ìṣó náà sórí ìwé ìròyìn, wọ́n sì fi hàn mí lábẹ́ etí agolo, níbi tí oòrùn kò dé rí: ọ̀dà tí ó ti kán sílẹ̀, tí ó ti gbẹ, tí ó sì ń dán síbẹ̀. Ewé ọsàn ni lóòótọ́.

Bí ẹ̀rí ti fìdí múlẹ̀, ó kù kí n yan ọ̀nà kan nínú méjì: kí n kun ọ̀dà tuntun lé ti àtijọ́ lórí, tàbí kí n bó gbogbo rẹ̀ kúrò. Ọ̀nà àkọ́kọ́ yá, ó sì dùn mọ́ ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí ọ̀dà bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà nípọn lára bàálù kékeré yìí, bí ẹni pé ó nípọn ju mìlímítà 14 lọ ni lára ti gidi. Bàálù wo ni ó ń wọ ẹ̀wù tí ó nípọn tó ìka ọwọ́? Àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ń fi ojú ìpàdé irin hàn yóò dí. Etí àwọ̀ àtijọ́ yóò sì yọ gàgà lábẹ́ tuntun bí àpá. Mo pinnu láti bó o.

Lọ́dọ̀ àwọn tí ń gbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, wọ́n máa ń tún ère kùn kí ó tó jáde fún ọdún tuntun, lọ́pọ̀ ìgbà ni wọ́n sì ń kùn ún lé ti àtijọ́ lórí. Ìdí wà. Ère ń wọ aṣọ ọdún tuntun ni. Kò sí ẹni tí ó ní àwọ̀ ti èṣí jẹ́ irọ́. Nítorí náà ni àwọn olùtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìpele ọ̀dà ara ohun àtijọ́: ìpele kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìtàn ìgbà kan. Bí wọ́n bá ń tún bàálù gidi ṣe ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, wọ́n a máa rọra fá ibi kékeré kan láti ka àwọn ìpele wọ̀nyí kí wọ́n tó pinnu àwọ̀ tí wọn yóò dá padà sí i. Bàálù tèmi kò ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lára. Àṣìṣe mi nìkan ni ó wà níbẹ̀, kò sì yẹ kí n tọ́jú rẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ bó ọ̀dà lára ike gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ irú ọ̀dà tí ó wà níbẹ̀. Èyí tí mo lò jẹ́ ọ̀dà àkírílíìkì tí a ń fi omi pò. Alukóólù 90 tí a ń rà ní ilé oògùn ká a. Mo kọ́kọ́ dán an wò lára àwọn igi ike tí ó ṣẹ́ kù nínú páálí, kí n lè rí i pé kò pa ike náà lára. Lẹ́yìn náà ni mo fi bàálù náà sínú ọpọ́n ike, mo da alukóólù lé e, mo sì bo ọpọ́n náà. Nígbà tí ó tó ìdajì wákàtí, ọ̀dà náà ti wú, ó ti ń ṣí bí èèpo. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ̀ ọ́ kúrò díẹ̀díẹ̀, mo fi igi ìtayín yọ èyí tí ó há sínú àwọn ìlà, mo sì fi omi àti ọṣẹ ṣan án. Ibọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ mi, fèrèsé wà ní ṣíṣí, iná kankan kò sì sí nítòsí, nítorí alukóólù kì í bá iná ṣeré.

Àwọn nǹkan mìíràn wà tí àwọn ènìyàn ń dábàá, tí ó yẹ kí a ṣọ́ra fún. Ásẹ́tónì, èyí tí àwọn obìnrin fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, yóò yọ́ ike náà pọ̀ mọ́ ọ̀dà. Epo kpayo ẹ̀bá ọ̀nà lè ba ike jẹ́, ó sì lè sun ilé. Epo ìjánu ọkọ̀ a máa bó ọ̀dà lóòótọ́, gẹ́gẹ́ bí gbogbo mẹkáníìkì ti mọ̀, ṣùgbọ́n kò dára fún awọ ara. Omi sódà tí àwọn aṣeọṣẹ ń lò náà lágbára láti bó o, ṣùgbọ́n bí ó bá ta sí ojú, ó lè fọ́ ọ.

Orúkọ Air Afrique bá ọ̀dà lọ. N kò lè sẹ́ pé ó dùn mí. Nígbà tí mo gbé bàálù náà jáde, tí ó wà ní ìhòòhò, tí ó funfun bí egungun ẹja, oṣù mẹ́ta mi ni mo rí tí ó ń léfòó nínú ọpọ́n.

Mo tún iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo fọ́n ọ̀dà ìpìlẹ̀ sí i lára, lẹ́yìn náà ni mo fọ́n funfun, mo sì jẹ́ kí ó gbẹ fún ọjọ́ méjì. Mo po àwọ̀ ewé oríṣi méje, mo kùn wọ́n sára ike tí ó ṣẹ́ kù, mo sì kọ nọ́ńbà sí ìdí wọn. N kò fi wọ́n wé agolo náà àfi ìgbà tí wọ́n gbẹ, nítorí irú ọ̀dà yìí máa ń ṣókùnkùn sí i bí ó bá ti gbẹ. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ni mo lò, kì í ṣe iná gílóòbù, nítorí iná tí ó pọ́n a máa tan ojú jẹ. Ẹ̀karùn-ún ni ó bá a mu.

Mo lẹ téèpù sí ibi tí àwọ̀ ewé kò gbọdọ̀ dé. Kí n tó kun àwọ̀ ewé, mo kọ́kọ́ fọ́n funfun fẹ́ẹ́rẹ́ sí etí téèpù náà, kí ó lè dí gbogbo àlàfo tí àwọ̀ ewé ìbá gbà yọ́ wọlé. Lẹ́yìn náà ni mo fọ́n àwọ̀ ewé lẹ́ẹ̀mẹta, ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Nígbà tí mo ṣí téèpù, ìlà náà gún bí okùn tí a nà. Atẹ̀wé kan bá mi tẹ orúkọ àti orí àgbọ̀nrín tuntun sórí bébà alẹ̀mọ́ tí a ń fi omi rẹ.

Bàbá Kékeré padà wá ní ọjọ́ Àìkú mìíràn. Wọ́n tún gbé bàálù náà lọ sí ojú fèrèsé. Wọ́n dúró níbẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n sì fi ìka hàn án ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà iwájú. «Ibí yìí ni àtẹ̀gùn máa ń kọlù,» ni wọ́n wí. «Bí ó bá ti họ, èmi ni wọ́n ń rán ní òru, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti agolo kékeré kan, kí ilẹ̀ tó mọ́ tí àwọn èrò yóò wọlé.» Ọmọ náà béèrè ibi tí wọ́n ń fò lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ìlú náà fún un: Lómé, Àbíján, Dàkáà, Párì.

Láti ọdún mọ́kànlélógójì tí mo ti wà láyé, n kò gbọ́ ìtàn yẹn lẹ́nu wọn rí. Nígbà tí àwọ̀ náà kò tọ̀nà, kò sí ohun tí ó lè mú wọn rántí rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ ọwọ́ yìí, ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ béèrè kí ẹ tó kùn ún, níwọ̀n ìgbà tí àwọn tí wọ́n fi ojú rí i ṣì wà. Bí ẹ bá sì ti kùn ún ná, tí ẹ wá mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìyìn àlejò dí yín lọ́wọ́ láti bó o.

Bàbá Kékeré kò mú agolo náà lọ mọ́. Wọ́n kó ìṣó wọn sínú ọ̀rá, wọ́n sì fi agolo sílẹ̀ fún wa. Ó wà lórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàálù náà.